Ṣé Iṣu Ni Jígí Oòrùn, Àbí Igi Kaṣú?

Abúlé Ìdí-Kaṣú,
Ojú Ọ̀nà Ọ̀yọ́,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Adéjọkẹ́ ọmọ mi, Àwẹ̀ró mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó, mo kí ọ kú ìrọ́jú Èkó, mo sì kí ọkọ rẹ àti Olúwatóbilọ́ba ọmọ wa. Ṣé ara yín le? Ṣé Tóbi ti ń jẹun dáadáa, àbí bisikíìtì náà ló ṣì ń jẹ? Bí o bá ń béèrè èmi, ara mi dá ṣáká, orúnkún ọ̀tún nìkan ló ń ṣe bíi pé òun dàgbà ju ara yòókù lọ, ṣùgbọ́n a kò ní torí orúnkún kan bá Ọlọ́run ṣẹjọ́. Ọlọ́run tó mú wa la ẹ̀ẹ̀rùn já, tó tún jẹ́ kí iṣu tuntun yìí bá wa láyé, yóò jẹ́ kí ti ọdún tó ń bọ̀ náà bá wa, àwa àti ẹ̀yin, láìku ẹnì kan. Àmín.

Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn ju owó orí fóònù lọ, ìwọ náà sì máa ń sọ pé kí n ṣe é kíákíá torí o wà ní mítìn-ín, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í sì í ṣe ohun tí à ń sọ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó láti àárọ̀ pẹ̀lú bíró, mo sì ti lé adìẹ kúrò lórí tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta.

Ilẹ̀ bàbá mi tó wà lẹ́yìn odò ni, éékà ogójì náà. Ilé-iṣẹ́ kan wá láti Èkó, wọ́n fẹ́ yá a fún ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, wọ́n ní àwọn máa to jígí dúdú sórí rẹ̀ láti fi gba iná mànàmáná lára oòrùn, àwọn á sì gbé àwọn bátìrì kan síbẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tóbi tó ṣọ́ọ̀bù, tí á máa tọ́jú iná náà di alẹ́. Wọ́n ní ibùdó ìlera abúlé wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún níná. O mọ̀ pé tọ́ọ̀ṣì tó fi eyín há ni nọ́ọ̀sì ibẹ̀ fi ń gbẹ̀bí títí di òní. Inú Akínwálé àbúrò mi dùn débi pé ó fẹ́ tọwọ́ bọ̀wé lórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n bàbá wa fi í sílẹ̀ pé bí èmi àkọ́bí kò bá fọwọ́ sí i, ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde, Akínwálé sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi gbé ẹran ìgbẹ́ wá fún mi lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọdún.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Praise ni ilé-iṣẹ́ náà rán sí wa. Ọmọ dáadáa ni. Ó kúnlẹ̀ kí mi nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò tó wọ̀, mo sì dárí ṣòkòtò náà jì í lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé bí wọ́n bá ń gba oòrùn orí ilẹ̀ wa báyìí, ṣé èyí tó máa kù á tó àwa yòókù lò, torí mo ní iṣu èlùbọ́ tí mo sá, Haneefah ìyàwó Bàbá Israfil náà sá tirẹ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó oòrùn abúlé lọ sí Èkó kí tiwa wá máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní oòrùn kì í tán. Mo ní ohun tí àwọn tó wá gé gẹdú nínú igbó bàbá mi sọ náà nìyẹn, ẹ lọ wo igbó náà lónìí. Ó wá gbé jígí kékeré kan kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé mi, ó ní kí n sá iṣu sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo sá a. Ó gbẹ, gílóòbù tó so mọ́ jígí náà sì tàn rekete. Inú ìkòkò dúdú lẹ̀kọ funfun ti ń jáde, mo gbà fún un, èmi kì í ṣe alágídí.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní àwọn máa ya fọ́tò ilẹ̀ náà. Bí mo ṣe gbọ́ fọ́tò, mo gbé aṣọ ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ wa wọ̀, mo wé gèlè funfun, mo mú Bíbélì dání, mo lọ dúró ní àárín oko, torí fọ́tò ìwé ilẹ̀ kì í ṣe fọ́tò ṣeréṣeré. Nǹkan kan bí lámilámi ńlá wá ń kùn kọjá lórí mi, mo gbójú sókè, mo wò ó tààrà, mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀. Nígbà tí Praise fi fọ́tò náà hàn mí, odò wà níbẹ̀, ọ̀nà wà níbẹ̀, àní ewúrẹ́ Akínwálé yọ dáadáa, èmi wá dà bí hóró ìrẹsì kan. Mo ní kí wọ́n tún un yà, kí ẹni tó wà nínú nǹkan náà rọra sún mọ́ mi. Wọ́n ní kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Àwẹ̀ró, ìyẹn kò tíì yé mi, ta ni mo wá rẹ́rìn-ín sí?

Ti báńkì ńkọ́? Wọ́n ní ilé-iṣẹ́ kò lè san owó ilẹ̀ sí wa lọ́wọ́, àfi báńkì. Ọmọ báńkì gbé fóònù síwájú mi, ó ní fóònù náà fẹ́ mọ̀ mí. Ó ní kí n ṣẹ́jú, mo ṣẹ́jú. Ó ní kí n yí orí sí ọ̀tún, mo yí i. Ó wá ní kí n rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi àti fóònù náà ò tíì mọra tó bẹ́ẹ̀, kí òun náà kọ́kọ́ sọ orúkọ àti ilé baba rẹ̀. Akínwálé ń làágùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń bẹ̀ mí pé ẹ̀gbọ́n òun, kí n ṣáà rẹ́rìn-ín. Mo ranjú mọ́ ọn, mo sì ranjú mọ́ fóònù. Ìgbà tí ọmọ báńkì fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín ni ẹ̀rín gbé èmi náà, wọ́n ní ó ti wọlé.

Gbogbo ìyẹn kò le. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dì ni orí ìwé àdéhùn.

O mọ Bàbá Israfil. Ó lé ní ogójì ọdún tí bàbá mi ti fún wọn nílẹ̀ dáko níbẹ̀. Ohun tí bàbá mi bá wọn sọ kò pọ̀. Wọ́n á máa mú iṣu mẹ́wàá wá ní ìṣákọ́lẹ̀ bí iṣu tuntun bá jáde, kí gbogbo ayé lè máa rí ẹni tó ni ilẹ̀. Wọ́n lè gbin iṣu, wọ́n lè gbin àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gbin igi. Kò gbọdọ̀ sí kaṣú, kò gbọdọ̀ sí máńgòrò, kò gbọdọ̀ sí obì. Ìwọ tí o ń gbé Èkó lè má mọ ìdí rẹ̀. Iṣu á wá, iṣu á sì lọ. Igi kì í lọ ní tirẹ̀. Ẹni tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ rẹ, ọmọ rẹ̀ ló máa ká èso, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló máa jókòó sábẹ́ ìbòòji, tó bá wá di ọjọ́ kan wọ́n á ní kí ọmọ tìrẹ lọ mú ẹlẹ́rìí wá. Bàbá Israfil pa ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ débi pé nígbà tí máńgòrò kan hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ahéré wọn, wọ́n rìn wá bá mi nínú òjò pé kí n wá fọwọ́ ara mi hú u.

Èmi wá bi Praise pé jígí wọn yìí, ṣé irú iṣu ni àbí irú kaṣú. Akínwálé ní irin ni, kì í ṣe ọ̀gbìn rárá. Mo ní ṣé ó ní ẹsẹ̀ nínú ilẹ̀? Praise ní ó ní, sìmẹ́ńtì ni wọ́n máa fi rì í mọ́lẹ̀. Mo ní ṣé wọ́n máa ń hú u lọ́dọọdún? Ó ní rárá, ó di ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Mo ní bí wọ́n bá ti gbìn ín lẹ́ẹ̀kan, ṣé yóò máa so láìjẹ́ pé wọ́n tún un gbìn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ojoojúmọ́ ló máa ń so. Mo ní ó parí, kaṣú ni. Ẹni tó bá sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa kì í gbin kaṣú.

Mo ní kí ó ka ìwé àdéhùn náà sí mi létí ní Yorùbá, ojú ìwé méjìdínlógún. Ó kà á tán, mo ní ibo ni wọ́n kọ ẹni tó máa hú irin náà sí lọ́jọ́ tí ọdún bá pé? Ó wá a títí, kò rí i. Mo ní bátìrì tó tó ṣọ́ọ̀bù yẹn, bó bá kú, ta ló máa sin ín? Kò rí ìyẹn náà. Mo dé bíró padà.

Akínwálé bínú. Ó ní mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ igi lé oríire ìdílé dànù, kò sì kí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Sunday méjì, ibi tí ìyàwó rẹ̀ bá jókòó sí ló ń yíjú sí.  Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, Akínwálé sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún ṣùgbọ́n èmi ni mo pọ̀n ọ́n. Má rò pé mi ò fẹ́ iná o. Mo fẹ́ ẹ ju òun lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ìgbà tí wọ́n bá fi máa dá ilẹ̀ padà, mà á jẹ́ ẹni mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún bí mo bá wà láyé, ta ló máa wá dúró níwájú irin yẹn láti sọ pé ilẹ̀ bàbá Deborah nìyí? Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi.

Praise ló wá sọ fún mi pé òfin irú nǹkan báyìí kò tíì délẹ̀ tán. Ó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ àbádòfin kan lórí iná ìgbàlódé tí wọ́n bá gbé ka ilẹ̀ tí wọ́n yá, àwọn kan nínú wọn sì ń bọ̀ wá sí ìlú Ọ̀yọ́ láti gbọ́ tẹnu àwa ará ìlú. Ó ní ìbéèrè tí mo bi òun yẹn, kí n lọ bi wọ́n. Ni èmi, Akínwálé àti Bàbá Israfil bá wọkọ̀ ní Ọjà Igbó ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Akínwálé ní òun kàn ń sìn mí lọ ni, òun kò sí nínú rẹ̀. Mo mú iṣu kan dání, mo sì mú ọmọ igi kaṣú kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ewé nínú ọ̀rá, torí mi ò mọ̀ bóyá àwọn aṣòfin tó ń gbé ìgboro mọ ìyàtọ̀.

Gbọ̀ngàn náà kò jìnnà sí Ọjà Akẹ̀sán. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ dúdú dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọ̀pá kan tó ń ké fíìn-fíìn, ó fi ra iṣu náà lára, ó fi ra igi kaṣú lára, ó wá fi ra èmi náà láti orí dé ẹsẹ̀. Mo rò pé àdúrà ni, mo ní àmín. Bàbá Israfil náà ní àmín. Ìlú Ọ̀yọ́ ṣì mọ àlejò ṣe.

Nígbà tó kàn mí, mo gbé iṣu sórí tábìlì wọn, mo gbé kaṣú tì í. Mo ní ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, èwo ni jígí oòrùn nínú méjèèjì yìí? Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Akínwálé ń wo ilẹ̀. Mo dúró títí ẹ̀rín náà fi tán, mo wá sọ ti bàbá mi àti ti máńgòrò tó hù fúnra rẹ̀. Alága wọn gbé gíláàsì ojú wọ̀, wọ́n ń ṣí àbádòfin náà síwá sẹ́yìn. Ojú ìwé tó sọ ti owó orí wà níbẹ̀, ti ìwé àṣẹ wà níbẹ̀, èyí tó sọ ti ẹni tó máa hú u kò sí. Lọ́yà kan dìde, ó ní ẹni tó ni ilẹ̀ àti ilé-iṣẹ́ lè fúnra wọn fi ìyẹn sínú àdéhùn, kò dìgbà tí òfin bá dá sí i. Mo ní ọmọ mi, adìẹ kì í bá àwòdì kọ àdéhùn kí ẹnì kẹta má dúró tì wọ́n. Wọn ò rẹ́rìn-ín sí ìyẹn.

Bàbá Israfil tó jẹ́ pé ẹnu wọn kì í sábà là láwùjọ wá dìde. Wọ́n ní ìwé náà sọ ti ẹni tó ni ilẹ̀, ó sọ ti ẹni tó fẹ́ yá a, kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò bínú síná, àwọn kàn fẹ́ mọ ibi tí àwọn máa gbin iṣu sí lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀. Wọ́n wá jókòó. Ọmọ mi, omi bọ́ lójú mi, n kò fi pa mọ́, torí ọ̀rọ̀ igi ni mo gbé wá láti ilé, n kò ronú kan àwọn tó ń bọ́ wa láti ogójì ọdún. Alága ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, wọ́n sì ní kí akọ̀wé wọn kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí a ṣe sọ ọ́. Ìgbà tí a jáde ni mo rí i pé Akínwálé ló bá mi gbé igi kaṣú náà, ó gbé e pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Praise padà wá. Wọ́n ti tún àbádòfin náà kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ṣì máa kà á lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ìbàdàn kí ó tó di òfin. Ó wà níbẹ̀ báyìí pé ẹni tó bá gbin irin ló máa hú u, òun náà ló máa kó bátìrì rẹ̀ lọ, owó tí wọ́n máa fi hú u yóò sì ti wà ní ìpamọ́ kí wọ́n tó gbẹ́ kòtò àkọ́kọ́. Ó tún wà níbẹ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ lé ẹni tó ń dáko kúrò láìfún un níbòmíràn. Ilé-iṣẹ́ kò dúró de Ìbàdàn, wọ́n ti fi í sínú àdéhùn tiwa. Wọ́n tún fẹ jígí náà síra kí Bàbá Israfil lè máa gbin ẹ̀pà àti ẹ̀wà sáàárín, éékà mẹ́jọ tó wà létí odò sì jẹ́ ti iṣu wọn. Mo ní ó ku ìṣákọ́lẹ̀. Praise ní ṣé àwọn lè máa fi iye owó iṣu mẹ́wàá náà ránṣẹ́ sí báńkì mi. Mo ní owó tó bọ́ sínú fóònù kò lójú, kò lè kúnlẹ̀, aládùúgbò kò sì ní rí i kọjá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣu mẹ́wàá lọ́dọọdún, mo ní kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n tóbi.

Ojú ìwé tó kẹ́yìn ni wọ́n ti ní kí a kọ orúkọ ẹni tó máa gba ilẹ̀ náà padà lọ́dún 2050. Akínwálé mú bíró, ó fẹ́ kọ tirẹ̀. Mo bá a ka ọjọ́ orí rẹ̀ títí dé ọdún náà, ó di ẹni méjìdínláàádọ́rùn-ún, òun fúnra rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó gbé bíró fún mi. Orúkọ rẹ ni mo kọ. Praise bi mí bóyá o mọ ààlà ilẹ̀ náà. Mo ní o mọ̀ ọ́n dáadáa.

Mo purọ́, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Ìgbà tí o débẹ̀ kẹ́yìn, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ọ́, ìjàlọ gùn ọ́ lẹ́sẹ̀, o sì sunkún délé. Àwẹ̀ró, èmi àti Bàbá Israfil nìkan ló mọ ààlà yẹn délẹ̀délẹ̀ báyìí, wọ́n sì jù mí lọ. Fọ́tò òkè wà o, ìwé wà, mi ò ní wọn kò dára. Ṣùgbọ́n èmi fẹ́ kí o fẹsẹ̀ ara rẹ rìn ín nígbà tí mo ṣì lè rìn níwájú rẹ, kí n lè na ìka sí i pé ibí yìí ni ó ti yà, ibí yìí ni ó dé. Mú Tóbi dání. Òun ni á máa ràn ọ́ létí nígbà tí o bá dàgbà.

Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Kì í ṣe owó oúnjẹ, iṣu wà nílẹ̀. Bàtà òjò ni mo fẹ́ rà, torí ejò pọ̀ létí odò lásìkò yìí, mo fẹ́ ra ọ̀kan fún ara mi, kí n ra ọ̀kan fún ìwọ. Mo ti dé Ọjà Igbó lọ yẹ̀ wọ́n wò. Tèmi, mọ́kàndínlógójì ni. Obìnrin tó ń tà á wá béèrè nọ́ńbà ti ọmọ mi. Mi ò mọ̀ ọ́n. Èmi tí mo ra gbogbo bàtà ilé-ìwé rẹ láti jẹ́lé-ó-sinmi. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ bá mi fi sílẹ̀ ná, mà á béèrè wá. Kọ nọ́ńbà náà ránṣẹ́ pẹ̀lú owó.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní àlọ, á ṣọ́ ọ ní àbọ̀. Iṣẹ́ rẹ kò ní bà jẹ́, ọkọ rẹ kò ní ṣàìsàn, Tóbi á dàgbà ṣojú yín. Ẹsẹ̀ rẹ, bó ti wù kó tóbi tó báyìí, kò ní ṣìnà ilé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Deborah.